Gbẹ̀gìrì fún Etí: Bí Mo Ṣe Ń Ṣe Ètò Ogún Ìṣẹ́jú Láti Ilé Ìdáná

Ẹ̀wà ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, ẹ má tíì ra máìkì. Ago mílíìkì 2 tó ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́rin. Ẹ ṣa òkúta inú rẹ̀ kúrò, kí ẹ tó wá jókòó láti ro orin tí ẹ fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Mo mọ̀ pé àwọn tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ pọ́dìkáàsì, ètò bíi ti rédíò tí à ń gbọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kì í bẹ̀rẹ̀ báyìí. Orí ẹ̀rọ ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀: máìkì báyìí ló dáa, tọ̀hún kò dáa. Odidi ọdún kan ni mo fi tẹ̀lé wọn. Ohun tí mo rí mú bọ̀ níbẹ̀ ni máìkì olówó ńlá kan tó ń gba ohùn fìríìjì sílẹ̀ kedere.

Ètò tí mo ń ṣe nílé wa n'Íbàdàn kì í ju 20 ìṣẹ́jú lọ. Oúnjẹ kan, àwo orin àtijọ́ kan, ẹnì kan tó mọ tinú ọ̀kan nínú méjèèjì. Níbẹ̀rẹ̀, màá kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀ tán, màá kà á sínú ẹ̀rọ, màá wá wá ariwo ìkòkò há àárín rẹ̀, bí ẹni tó ń bu iyọ̀ sí ọbẹ̀ tó ti tutù. Ṣe ló ń dún bí ìpolówó magí. Ìgbà tí mo yí i padà ni ó tó gún. Ní báyìí, mo ń kọ́kọ́ dáná, mo ń gba ohùn ìdáná náà sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo wá ń jẹ́ kí ìkòkò fi ibi tí ìtàn máa yà sí hàn mí. Ìkòkò ní àsìkò tirẹ̀. Ó ń pariwo, ó ń dákẹ́, ó ń fẹ́ kí wọ́n dúró de òun. Ẹni tó bá tẹ̀lé e kò ní máa wá ọgbọ́n tí yóò fi so ìtàn rẹ̀ pọ̀.

Gbẹ̀gìrì ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé, torí òun ni mo ṣe kẹ́yìn, àti pé mi ò mọ ọbẹ̀ mìíràn tí ẹnu rẹ̀ pọ̀ tó o. Àpàlà ni mo fi tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Àpótí tí kì í gba èsì

Bàbá mi àgbà ní àpótí rẹ̀dífúṣọ̀n kan tí wọ́n kàn mọ́ ògiri pálọ̀. Kí n tó gbọ́n, kò dún mọ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó láyà láti yọ ọ́. 1935 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀dífúṣọ̀n l'Ékòó, Ìbàdàn sì gba tirẹ̀ ní 1939. Wáyà ni wọ́n fi ń fa ohùn náà wọlé, èèyàn á máa san owó rẹ̀ lóṣooṣù, ohun tí wọ́n bá sì fi ránṣẹ́ náà lèèyàn á máa gbọ́, kò sí pé à ń yí i síbòmíràn. Àwọn ará ìlú wò ó títí, wọ́n sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì.

Mo kọ orúkọ yẹn sára ògiri lókè tábìlì mi. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tí kò retí èsì, kì í pẹ́ súni. Nítorí náà, ibikíbi tí mo bá ti béèrè nǹkan nínú ètò mi, mo ń fi bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta sílẹ̀ kí ìkòkò máa dún, kí ẹni tó ń gbọ́ lè fèsì níbi tó jókòó sí. Ọgbọ́n apàlọ́ ni. Apàlọ́ á ní "Àlọ́ o!", á sì dúró. Bí ẹ kò bá dáhùn "Àlọ̀!", ìjàpá kò ní jáde nílé lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Màámi tún máa ń sọ ti ìlù rédíò. Dùndún ni rédíò Ìbàdàn ń lù nígbà náà láti fi mọ̀ pé àwọn ló dé. Orúkọ ilé iṣẹ́ ni onílù ń pè, àmọ́ Màámi ní ohun tí gbogbo àdúgbò gbọ́ ni: "Bólúbàdàn bá kú, ta ni ó joyè?" Ẹ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ fi í sọ́kàn, torí òun ló bí òfin tí mo le mọ́ jù nínú iṣẹ́ yìí: ẹ má fi dùndún sábẹ́ ohùn ẹni tó ń sọ Yorùbá. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ni ìlù náà fi ń sọ̀rọ̀ bíi tiwa. Bí ẹ bá fi sábẹ́ ọ̀rọ̀, ẹni méjì ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, etí á sì pín. Gòjé inú sákárà náà ń ṣe é, ó kàn ń ké bí èèyàn ni. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kò níṣòro. Agídìgbo náà ṣeé lò bí ẹ bá jẹ́ kó lọ sílẹ̀ dáadáa. Mo mọ òwe tó ní bí òwe bí òwe là ń lu agídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọ̀mọ̀ràn fi ara dà á fún ogún ìṣẹ́jú.

Orin tí ẹ lè lò

Àpàlà bá ìdáná mu ju ọ̀pọ̀ orin lọ. Kì í sáré. Kò sí gìtá tó máa gbẹ́nu lé ọ̀rọ̀ yín. Àwo Haruna Ìṣọ̀lá ló pọ̀ jù nínú èyí tí bàbá mi fi sílẹ̀, àwọn mìíràn ti gbó tó fi jẹ́ pé abẹ́rẹ́ ń fò lórí wọn bí ẹni ń re odò kọjá lórí òkúta. Inú ètò náà, mo sọ ìtàn bí òun àti I.K. Dairo, olórin jùjú, ṣe dá ilé iṣẹ́ àwo orin tiwọn sílẹ̀ ní 1969, tí wọ́n pè é ní STAR, àti bí ó ṣe kọ́ ilé ìgbohùnsílẹ̀ Phonodisk sí Ìjẹ̀bú-Igbó lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ní 1979. Ọ̀rọ̀ owó àti ọ̀gá ara ẹni nìyẹn, ó sì bọ́ sí ibi tí ẹ̀wà ti ń hó tí kò sí ohun tí èèyàn lè ṣe sí i ju kó dúró lọ. Mo ti sọ ọ́ ṣáájú: ìkòkò ló ń fúnni láyè.

Ṣùgbọ́n mi ò lu àwo náà nínú ètò. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí ọ̀pọ̀ ló ń bọ́ sí kòtò yìí. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ Nàìjíríà ti 2022, orin tí èèyàn ṣe kò bọ́ kúrò lọ́wọ́ àwọn àrólé rẹ̀ títí 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ìṣọ̀lá kú ní 1983. Ẹ ro ó pọ̀, 2053 nìyẹn. Ẹ̀tọ́ àwo fúnra rẹ̀ tún wà lọ́tọ̀, ìyẹn ti ẹni tó ṣe àwo. Wọ́n á sọ fún yín pé bí kò bá ti ju ìṣẹ́jú àáyá 30 lọ, kò sí wàhálà. Irọ́ ni. Òfin fàyè gba ẹni tó ń ṣe àtúpalẹ̀ orin láti mú díẹ̀ níbẹ̀, àmọ́ kò sí ibi tó ti ka ìṣẹ́jú àáyá fún un. Bí ẹ bá fẹ́ lo orin olórin, ẹ wá olórin tàbí ẹbí rẹ̀ lọ, ẹ gbàṣẹ, kí àṣẹ náà sì wà nínú ìwé.

Èmi kì í ní sùúrù ìyẹn lóṣooṣù. Ohun tí mo ń ṣe ni pé ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní àdúgbò wa tó mọ agídìgbo ta. Mo ní kó ta ohun tó bá wá sí i lọ́kàn, tirẹ̀, kì í ṣe orin ẹnikẹ́ni, fún ìṣẹ́jú mẹ́rin. Mo gba agídìgbo nìkan sílẹ̀, mo tún gba ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ nìkan. Mo sanwó, àwa méjèèjì fọwọ́ sí ìwé tí kò ju ìlà mẹ́ta lọ pé mo lè lò ó nínú ètò mi. Ìṣẹ́jú mẹ́rin yẹn ti gbé ètò márùn-ún. Àpàlà inú àwo wá di ohun tí mo ń fi ẹnu júwe, ẹni tó bá wù yóò wá a lọ fúnra rẹ̀.

Ọjọ́ ìdáná

Àsìkò ló ń fúnni ní ìdákẹ́jẹ́ n'Íbàdàn, kì í ṣe yàrá. Aago márùn-ún ààbọ̀ òwúrọ̀, ìpè mọ́sálásí àti àkùkọ. Ọjọ́ Àìkú, ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta ló yí wa ká, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú sípíkà tirẹ̀. Ìrọ̀lẹ́, jẹnẹrétọ̀. Mo ṣọ́ àdúgbò fún ọ̀sẹ̀ méjì, mo ń kọ ọ́ sínú ìwé bí olówó ẹ̀lé, mo wá rí i pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun, láàárín aago mẹ́wàá sí mọ́kànlá àárọ̀, ni ilé wa ń dákẹ́. Àwọn ọmọ ti lọ sí iléèwé, obìnrin tó ń lọ ata ní ìkóríta kò tíì tan ẹ̀rọ rẹ̀, wẹ́dà ṣì ń jẹun. Ẹ ṣọ́ tiyín bẹ́ẹ̀.

Bí wọ́n bá mú iná lọ, ẹ yọ̀: fáànù kú, fìríìjì kú. Ẹ sì yára, kí jẹnẹrétọ̀ ilé kejì tó sọ tirẹ̀. Bí iná bá wà, ẹ fọwọ́ ara yín pa fìríìjì, kí ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ ilé lé orí ẹja inú rẹ̀. Ẹ kò ní lè jáde láì ṣí i, ẹ ó sì rántí tan án. Kí n tó mọ ọgbọ́n yìí, kílò mẹ́ta ẹja títúsì ló rà mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan. Ìyàwó mi kò tíì gbàgbé. Bí àlejò bá bi í léèrè ohun tí ọkọ rẹ̀ ń ṣe, ó ní, "Ó ń ṣe ètò ẹja."

Fóònù tó wà lọ́wọ́ yín tó o. Ẹ tẹ àwòrán ọkọ̀ òfuurufú yẹn kí ìpè má bàa já yín gbà. Ẹ lọ sínú ètò ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ rẹ̀, kí ẹ yàn án pé WAV ni ẹ fẹ́, ìyẹn irú fáìlì tí kì í fún ohùn pọ̀, bí ó bá ní in. Bó bá jẹ́ mónò, ìyẹn ọ̀nà ohùn kan ṣoṣo, WAV máa ń gba nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 5 fún ìṣẹ́jú kan, wákàtí kan yóò lé ní 300, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ pa àwọn fídíò ìgbéyàwó tí ẹ kò wò mọ́ rẹ́. Ẹ má gbé fóònù sórí ìkòkò, ooru omi gbígbóná á wọ̀ ọ́ lára. Ẹ̀gbẹ́ ni kó wà, kó jìnnà tó ìgbọ̀nwọ́ kan, lórí aṣọ ìnura tí ẹ ká sí mẹ́rin. Láìsí aṣọ yẹn, gbogbo ìgbésẹ̀ ẹsẹ̀ yín ni yóò gba ara tábìlì wọ inú rẹ̀.

Kí ẹ tó tan iná, ẹ gba òfìfo sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ìṣẹ́jú kan gbáko tí ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀, tí ẹ kàn dúró lójú kan bí ẹni tí wọ́n ń ya fọ́tò rẹ̀. Ilé ìdáná tó dákẹ́ ní ohùn tirẹ̀. Nígbà tí ẹ bá gé ikọ́ tàbí àṣìsọ kúrò, òun ni ẹ ó fi dí ihò náà. Bí ẹ bá fi ibẹ̀ sílẹ̀ láìsí ohunkóhun, ẹni tó ń gbọ́ á rò pé dátà òun ló tán.

Ó wá kan ẹ̀wà. Ẹ dà á sínú páànù onírin nígbà tí ó bá ṣì gbẹ, kí ẹ tó rẹ ẹ́, ẹ dà á láti òkè díẹ̀: ràì! Èmi ni mo ń fi èyí ṣí ètò. Lẹ́yìn tí ó bá ti rẹ̀, ẹ bó èèpo rẹ̀ nínú omi. Ohùn ìbóèpo kò lágbára, ẹ sún fóònù mọ́ ọn, kó kù bí ìka mẹ́rin. Ẹ ṣàn án títí omi á fi mọ́, ẹ gbé e kaná láìfi iyọ̀ sí i. Wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ ni kó tó rọ̀ dé ibi tí ìka méjì lè tẹ̀ ẹ́ fọ́ láìfi agbára sí i. Àwọn kan ń fi káún díẹ̀ sí i kó lè yára. Màámi kò fẹ́ ẹ, ó ní ó ń ba àwọ̀ ọbẹ̀ jẹ́.

Ẹ má gba gbogbo wákàtí yẹn sílẹ̀ o. Ìbẹ̀rẹ̀ híhó, àárín rẹ̀, àti ìgbà tí omi bá ń fà á, ìṣẹ́jú méjì-méjì. Ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yàtọ̀. Nígbà tí omi bá pọ̀, ó ń hó yaya. Nígbà tí ẹ̀wà bá ti ń túká, ohùn náà á wúwo, á máa ṣe pọ̀ọ̀, pọ̀ọ̀, bí ẹni tó ń mí lójú oorun. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ gba nǹkan, ẹ tan ẹ̀rọ kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan, ẹ ka ení dé ẹẹ́wàá nínú yín, kí ẹ sì tún kà á kí ẹ tó pa á. Kí ẹ sì fi ẹnu sọ ohun tó jẹ́ síbẹ̀: "Ẹ̀wà, híhó kejì." Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, nígbà tí ẹ bá ń wo fáìlì 19 tí gbogbo wọn ń jẹ́ "Recording", ẹ ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ìjábẹ̀ ló kàn, òun sì ni adùn iṣẹ́ yìí. Ṣàkà-ṣàkà, ṣàkà-ṣàkà. Àwọn tó ní ẹ̀rọ ìlọta ń lọ̀ ọ́, kíá ni ó ń kúnná, ẹ sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún jíjẹ, àmọ́ ẹ̀rọ ìlọta nínú etí, ìjìyà ni. Lọ́jọ́ tí mo ń sọ yìí, Màámi wà lẹ́yìnkùlé tó ń já ewédú, èmi ni mo kọ́kọ́ gbé ìjábẹ̀ sí i, kánkán ń ṣe mí, torí obìnrin ìkóríta á tan ẹ̀rọ rẹ̀ láìpẹ́. Ẹ ó gbọ́ bí ó ṣe já sí. Lẹ́yìn náà mo fi asẹ́ sẹ́ ẹ, mo da èyí tó kúnná padà sínú ìkòkò, mo fi ata gígún, irú, edé, ẹja gbígbẹ àti iyọ̀ sí i, mo da epo pupa lé e. Ẹ máa rò ó o, ìsàlẹ̀ rẹ̀ máa ń tètè jóná. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti tó.

Ti àmàlà kò gba àlàyé púpọ̀, ohùn méjì péré ni ẹ nílò níbẹ̀: ìgbà tí èlùbọ́ bá kan omi híhó, àti omorogùn tó ń lu ara ìkòkò nígbà tí apá bá ti ń ro ó. Ọ̀kan máa ń rọra ń mí, èkejì máa ń jà.

Bí ẹ ó ṣe bá àgbà sọ̀rọ̀

Ọwọ́ àgbà ni kí ẹ wá iṣẹ́ fún kí ẹ tó wá ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Bí ẹ bá gbé Màámi jókòó sórí àga, tí ẹ na máìkì sí i, ohùn tí ó ń fi ka bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì ni yóò fi dá yín lóhùn. Ẹ gbé ewédú sí i níwájú, á gbàgbé yín.

Ìṣòro kan wà tó jẹ́ tiwa. Nínú ọmọlúàbí, bí àgbà bá ń sọ̀rọ̀, ọmọ á máa dáhùn: hẹn-ẹn, ẹ̀n-ẹ́n, bẹ́ẹ̀ ni mà. Gbogbo hẹn-ẹn yẹn ń bọ́ sórí ohùn àgbà náà, kò sì ṣeé yọ. Bí ẹ bá sì dákẹ́, àgbà á rò pé ẹ kò gbọ́ tàbí pé ẹ ń rí òun fín. Mo máa ń sọ ọ́ ṣáájú: "Màámi, ẹ má bínú, orí ni n ó máa mì sí yín o, mi ò ní dáhùn." Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó ṣòro fún un. Báyìí ó ń wojú mi kó lè rí orí tí mo ń mì, ìyẹn sì mú kó máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ lóòótọ́.

Ẹ pa rédíò, ẹ pa tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, fún mi ní wákàtí kan ààbọ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń lọ sóde àríyá láyé ọjọ́un. Mo jẹ́ kí àwo máa dún lẹ́yìn, mo ní ó ń múnú ilé dùn. Nígbà tí mo wá fẹ́ gé ọ̀rọ̀ náà kúrú, ibikíbi tí mo bá ti gé e, orin náà á fò ṣókí, bíi ti àwo bàbá mi. Wákàtí kan ààbọ̀ yẹn ṣì wà níbẹ̀, kò ṣeé fi ṣe nǹkan, ẹni tó sọ ọ́ sì ti lọ.

Ẹ má bi wọ́n ní ìbéèrè ìwé. "Kí ni èrò yín nípa orin àpàlà?" Kí ni kí ìyá tó ń já ewédú wí sí ìyẹn? Ẹ béèrè ibi tí ara wọn wà, ibi tí wọ́n jókòó, ohun tí wọ́n wọ̀, ta ló sanwó. Mo ní:

"Màámi, níbo lẹ wà lọ́jọ́ tẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbọ́ àpàlà lójúkojú?"

Ó já ewé bíi mẹ́ta kó tó dáhùn. Ẹ má gé ewé mẹ́ta yẹn kúrò.

"Lójúkojú kẹ̀? Ìdí ìkòkò ni mo wà, Àkànní. Ìsọmọlórúkọ ni. Àwọn tó ń jó wà níwájú ilé, àwa tá à ń se wà lẹ́yìnkùlé. A ò rí wọn. Ohùn olórin gan-an, kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ló ń dé."

"Ẹ wá ṣe báwo?"

"A ṣe báwo bíi ti báwo? A ń fi í ro ọkà."

Ó dìde, ó gba ìjábẹ̀ lọ́wọ́ mi láti bẹ̀rẹ̀ ewédú, ó sì ta á mọ́ ẹnu ìkòkò lẹ́ẹ̀mẹta, ṣẹ́-ṣẹ́-ṣẹ́, bó ṣe máa ń ṣe é láti gbọn omi rẹ̀ nù. Ó dúró. Ó tún ta á, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí lójú ìwọ̀n ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ọjọ́un. Mo ti fẹ́ sọ̀rọ̀, mo pa ẹnu mi mọ́. Ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá ni gbogbo rẹ̀, òun sì ni gbogbo ètò náà wá dúró lé. Ohun tí mo ti kọ sílẹ̀ nípa 1969 àti 1979 wá ń tẹ̀lé e lẹ́yìn: àwọn tó wà níwájú ilé pẹ̀lú àwo, àti àwọn tó wà lẹ́yìnkùlé pẹ̀lú ìjábẹ̀.

Gígé, sísopọ̀, àti ohùn tiyín

Audacity, ètò tí à ń fi gé ohùn, ni mo ń lò lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni, kò sì wúwo. Ẹ kọ́kọ́ to ìdáná jọ bó ṣe wáyé, ẹ̀wà gbígbẹ dé orí àmàlà, kí ẹ gé e kù sí nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Ẹ wá gbé ọ̀rọ̀ àgbà sí ibi tí ìkòkò bá ti dákẹ́. Ibi tó bá ṣì ṣófo ni ẹ ó kọ ọ̀rọ̀ tiyín sí, òun nìkan. Ẹnu máa ń yà mí bó ṣe ń kéré tó. Lọ́tẹ̀ yìí, ìṣẹ́jú márùn-ún ni ohùn mi, mo sì rò pé ó ṣì pọ̀.

Bí ẹ bá ń kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ fi àmì ohùn sí i. Kì í ṣe fún ẹwà. Ẹni tó ń ka nǹkan sínú ẹ̀rọ lágogo mọ́kànlá òru kò ní ọpọlọ tí yóò fi máa ronú ìyàtọ̀ igba, igbá àti ìgbà. Mo ti ka "gbé ọ̀bẹ kaná" rí dípò "gbé ọbẹ̀ kaná," ó sì jáde bẹ́ẹ̀, ẹnì kan kọ̀wé sí mi pé ṣé alágbẹ̀dẹ ni mí.

Fún kíkà, mo ń wọ àárín aṣọ. Kọ́bọ́ọ̀dù ìyàwó mi ni, mo ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ méjèèjì, mo jókòó sórí àpótí, mo kọjú sí aṣọ òkè àti àǹkárá rẹ̀. Kò sí fóòmù olówó ńlá tó ń mu ìró ohùn tó o. Ẹ má kọ ẹnu sí fóònù gan-an, ẹ gbé e sí igun ẹnu, torí ọ̀rọ̀ tó bá ní "f" á máa fẹ́ atẹ́gùn lù ú.

Tí ẹ bá parí, ẹ mú gbogbo ohùn bá ara wọn mu kí ẹnikẹ́ni má bàa máa yí fóònù rẹ̀ sókè sódò. LUFS ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe ń dún sókè tó; ìwọ̀n tí a ń lò ni -16 LUFS bó bá jẹ́ sítẹ́ríò, ìyẹn ohùn ọ̀tún àti òsì, tàbí -19 bó bá jẹ́ mónò. Audacity á ṣe é fún yín lábẹ́ "Loudness Normalization". Mónò ni mo ń ṣe, mo sì ń yọ ọ́ ní MP3, 64 kbps, ìyẹn ìwọ̀n dátà tí ìṣẹ́jú àáyá kan ń gbà. Ogún ìṣẹ́jú á jẹ́ mẹ́gábáìtì 10, ó dín díẹ̀. Bí ẹ bá ṣe é ní 128, á di ìlọ́po méjì. Ẹni tó ń gbọ́ yín nínú ọkọ̀ láti Mọ́kọ́lá sí Ìwó Ròódù, dátà tirẹ̀ ló ń jó, kì í ṣe tiyín. Orí WhatsApp ẹbí ni ètò mi ti ń kọ́kọ́ jáde, kó tó lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, torí àwọn ẹbí kì í bojú wo ẹni tí wọ́n bá fẹ́ bá wí.

Màámi kì í lo earpiece. Ó gbé fóònù lé orí tábìlì, ó jókòó tì í, ó ń dá a lóhùn bí ó ṣe ń lọ. Mo sọ pé 1969, ó ní "Hẹn-ẹn." Mo béèrè nǹkan, ó dáhùn nínú ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta tí mo fi sílẹ̀. Nígbà tó kan ibi ìjábẹ̀ ẹ̀wà, ó na ọwọ́ sí fóònù.

"Dá a dúró ná. Ta ló ń gún un níbí yìí?"

"Èmi ni, mà. Ẹ wà lẹ́yìnkùlé."

"Ẹ̀wà yẹn ò tíì jinná, Àkànní."

Mo ní ó jinná mà, ṣebí gbogbo wa la jẹ ẹ́. Ó ní asẹ́ ló bá mi bo àṣírí. Nígbà tó lọ sùn, mo fi earpiece sí etí, mo dá ètò padà síbẹ̀. Lábẹ́ ṣàkà-ṣàkà ìjábẹ̀, ẹ̀wà líle ń ta mọ́ ara ìkòkò: kó, kó, kó.